Àgbà Méjì Lórí Pápá

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo jókòó sórí àga kan ní pálọ̀ wa ní Kàbà, tí n kò sì fẹ́ dìde mọ́. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kò sí ibi kankan tó ń dùn mí. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ló ṣe mí, n kò ní ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí mo ń pariwo mọ́ wọn pé kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn.

Kò dé lójijì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo sùn títí oòrùn fi wọlé bá mi lórí ibùsùn, mo sì gbádùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún gbogbo ilẹ̀kùn tó ń dún nínú ilé ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ilẹ̀kùn tó ń dún mọ́. Láti ìgbà náà ni ohun kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lára díẹ̀díẹ̀. Oorun dá lójú mi. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Ìyàwó mi a gún iyán, iyán tó funfun tó sì fà, èmi a máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà lórí fóònù. N kò fá irùngbọ̀n mọ́. Bí àwọn ọmọ bá pè láti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ní kí ìyá wọn sọ pé mo wà ní balùwẹ̀. Nígbà tó yá, àbígbẹ̀yìn wa bi í pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí Dádì kì í jáde ní balùwẹ̀ mọ́?"

Lọ́dọ̀ wa níbí, okun la fi ń kí ara wa. Ẹ jí, okun o. Ẹ ti oko dé, okun o. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ilé ló ń nahùn pé, "Okun o, Tíṣà!" Èmi a sì dá wọn lóhùn láti orí àga pẹ̀lú ohùn tí kò ní okun kankan nínú.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, láti ibẹ̀ ló sì ti ń rí mi gba ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ó dá ẹ̀rọ náà dúró, ó yọjú wọlé.

"Ẹ ti ń wo ògiri yẹn láti ọjọ́ Àlàmísì," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ wó ni, ẹ sọ fún mi kí n tètè kó ẹ̀rọ mi jáde."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ẹ̀rù bà á, nítorí òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀tàn ló fi mú mi dé ilé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru òun wò, kí n sin òun lọ. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ó rọra tì mí sórí àga aláìsàn, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó síbi tí ẹni tó sinni wá ń jókòó sí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú ni dókítà náà. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, ó dìde kúrò nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀. N kò tíì rí dókítà tó kúnlẹ̀ fún aláìsàn rí. Mo rò pé àìsàn mi ti burú tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ò rántí mi ni?"

Ìgbà tó yọ awò ojú ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ilé ìwé mi ni. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí kì í pẹ́. Ìṣòro mìíràn tún dé: n kò mọ̀ bóyá kí n máa pè é ní "o" tàbí "ẹ". Ọmọ tí mo fa etí rẹ̀ rí nìyí, òun náà ló sì di ẹ̀rọ àyẹ̀wò mú yìí.

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa sà?"

"Mò ń sùn."

"Irọ́ ni," ni ìyàwó mi wí.

"Ṣé ẹ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Irọ́ ni."

"Ṣé àwọn nǹkan tí ẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń wù yín?"

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ń wù mí. Mo wo ìyàwó mi, kí ó tètè sọ pé irọ́ ni kí a lè kọjá síbòmíràn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní, "Kò sí èyí tó ń wù mí." Dókítà náà wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá ó ti ṣe mí rí bíi kí ilẹ̀ má mọ́ bá mi. Mo ní rárá. Lẹ́yìn náà mo ní, ẹ̀ẹ̀kan. Ìyàwó mi na ọwọ́ láti orí àga tirẹ̀, ó di apá ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí a fi jáde níbẹ̀.

"Àìsàn ni sà," ni dókítà wí. "Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó ní ìtọ́jú." Ó kọ oògùn fún mi, ó ṣàlàyé bí n ó ṣe máa lò ó. Ó tún mú bébà mìíràn. "Èyí náà oògùn ni o. Ẹ ó máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Tí ara bá ti ń le díẹ̀, ẹ máa fi eré sísá kún un. Pápá ilé ìwé wa ṣì wà níbẹ̀ sà. Ẹ lè máa yí i ká."

Mo wò ó. Ohun kan jí nínú orí mi.

"Ṣé ẹ̀san ni?"

"Ẹ̀san kẹ̀, sà?"

"Ó dà bíi pé mo ní kí ẹ... kí o... mo ní kí o sáré yí pápá yẹn ká nígbà kan, nítorí pé o pẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀meje ni sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Ẹ̀ẹ̀meje ni sà. Mò ń kà á bí mo ṣe ń sáré."

Ìyàwó mi fi etí gèlè bo ẹnu. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohun tó kọ padà. Ó ní bí ara bá ń ṣiṣẹ́ tó ń làágùn, ọpọlọ náà máa ń jàǹfààní rẹ̀, pé àwọn kan wà tí ìrìn yìí ti fà jáde nínú kòtò tó jìn ju tèmi lọ. Ó ní kí n má fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì o, kí n lo oògùn, kí n sì rìn.

Ìyàwó mi ló lọ ra bàtà fún mi nídìí òkìríkà. Kàńfáàsì ni, ó dúró dáadáa, àfi pé bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, iná pupa kan á ṣẹ́jú ní gìgísẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ń tan iná, pé orí àtẹ ló wà nígbà tí òun rí i. Mo wọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jáde.

Ẹni tí kò bá gbé ìlú wa rí kò lè mọ bó ti le tó fún àgbàlagbà tí gbogbo ayé mọ̀ láti rìn lójú pópó láìlọ síbì kankan. N kò tíì dé ìkóríta tí ọlọ́kadà kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Okun o, Tíṣà. Ibo lẹ ń lọ?"

"N kò lọ síbì kankan."

"Ẹ gùn ún, màá gbé yín débẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń lọ. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ igbá ẹ̀kọ lé ilẹ̀, ó gbá àyà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n kàn sọ fún òun, òun á fara dà á. Kí n tó pàrọwà fún un tán, ọkọ̀ kan ti dúró, olùkọ́ bíi tèmi tẹ́lẹ̀ rí ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé òun wà nínú ọkọ̀ kí èmi máa fẹsẹ̀ rìn. Mo ṣàlàyé. Ó ní òun ti gbọ́, kí n ṣáà wọlé. Ìtìjú kò jẹ́ kí n kọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Iwájú ọjà ló já mi sí, ọ̀kadà ni mo sì gùn padà sílé.

"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ rìn?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Mẹ́rin."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Mo wọkọ̀."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà bí ìṣirò, mo sì rí ọ̀nà àbáyọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú àdá dání. Ẹni tó bá mú àdá dání, oko ló ń lọ, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbádùn ọgbọ́n yìí kí ìbátan mi kan tó ń ti Òkè-Bùkún bọ̀ tó pàdé mi lọ́nà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù.

"Ẹ ti dá oko! Kí lẹ gbìn?"

Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Iṣu ni."

Ní Sátidé, ó gbé odidi àpò ẹ̀bù iṣu kan wá sílé, ó ní òun fi ràn mí lọ́wọ́. Ìyàwó mi dúpẹ́, ó bu omi fún un, ó wò mí. Títí di òní, ẹ̀yìn ilé wa ni iṣu yẹn ti hù, nítorí n kò ní ibòmíràn tí n ó gbìn ín sí.

Ohun tí n kò rò mọ́ ọn ni bí mo ṣe rí lójú àwọn tó ń wò mí. Ọkùnrin tí kò fá irùngbọ̀n láti oṣù tó kọjá, tó ń mú àdá jáde ní gbogbo àárọ̀, tí iná pupa ń ṣẹ́jú ní gìgísẹ̀ rẹ̀, tí kì í lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ó tó padà wálé lọ́wọ́ òfo. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé orí Tíṣà ti ń yí. Bẹ́ẹ̀, kí orí mi má baà dojú rú ni mo ṣe ń rìn! Àwọn obìnrin mẹ́ta láti ẹgbẹ́ aládùúrà wá sí ilé wa pẹ̀lú Bíbélì àti ìgò òróró. Mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti pálọ̀.

"Ara wọn ni kò yá," ó ń sọ fún wọn. "Wọ́n ń lo oògùn, wọ́n sì ń rìn, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gbàdúrà, a nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba àdá lọ́wọ́ wọn o, èmi ni mo fi ń gé ewé."

Àlájì tó ń gbé lódìkejì ọgbà wa ló bi mí ní ìbéèrè tó yẹ. Oníṣòwò ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, ó sanra, a sì ti jọ jẹ́ aládùúgbò láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti jọ ń ju òkúta sórí òrùlé ara wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí àsùbáà tán lọ́jọ́ náà, bùtá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọ ìgbọ̀nwọ́ lé orí ọgbà.

"Tíṣà, oko yín yìí, ibo ló wà gan-an?"

Mo dúró. N kò mọ ohun tó ṣe mí, bóyá irọ́ ti sú mi. Mo ní, "Àlájì, kò sí oko. Ọkàn mi ni kò dá. Dókítà ní kí n máa rìn."

Mo retí pé yóò gbàdúrà fún mi tàbí pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń yí bùtá náà lọ́wọ́.

"Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ," ó ní, "àyà mi kì í balẹ̀. Mo lè ti ṣọ́ọ̀bù tán, kí n padà lọ wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà bóyá mo tì í. Ọmọ mi ní kí n lọ rí dókítà. Mo bi í pé ṣé dókítà ló máa jí ìyá rẹ̀ dìde."

Ó ti pé ọdún kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mo wà níbi ìsìnkú náà, ẹ̀gbẹ́ Àlájì gan-an ni mo dúró sí, n kò sì tíì bi í láti ọjọ́ náà bí ó ṣe ń sùn.

"Dókítà yín," ó ní, "ṣé ó sọ pé ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ máa rìn ín?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ dúró kí n wọ bàtà."

Òun ló sọ pé kí a fi títì sílẹ̀, kí a kúkú lọ sí pápá ilé ìwé bí dókítà ṣe wí. Ó gbé jàlàbíà rẹ̀ sókè dé orúnkún, a bẹ̀rẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò mi, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa ka iye ìgbà tí a bá yí pápá ká. Ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpò, ó ń ju ọ̀kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá dé ìdí ojú gólù.

"Àlájì, òkúta méjì lẹ jù yẹn."

"Ọ̀kan jábọ́ fúnra rẹ̀ ni."

"Ẹ mú un padà."

"Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ta ló máa gbé mi dìde?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a gbìyànjú láti sáré. Láti ojú gólù kan dé àárín pápá péré ni, a sì dúró níbẹ̀ tí a di orúnkún mú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó tètè dé rí wa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tò sí etí pápá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, apá kan ń pariwo "Tíṣà! Tíṣà!", apá kejì ń dáhùn "Àlájì! Àlájì!" Àlájì, tó ti ń mí bí ẹni tó ru àpò ìrẹsì méjì, gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó gbé àyà sókè, ó sá kọjá lára mi. Ọ̀gá ilé ìwé wá bá wa. Abẹ́ mi ló ti ṣiṣẹ́ rí, nítorí náà ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Sà, a dúpẹ́ pé ara yín ń yá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ kì í wá sórí ìlà mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kúrò níbẹ̀ kí aago méje tó lù.

Ara mi ń yá lóòótọ́. N kò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé mo ti jẹ iyán tán, mo sì ń wo inú abọ́ ọbẹ̀ bóyá ẹran kù. Mo fá irùngbọ̀n. Mo gbé fóònù nígbà tí àbígbẹ̀yìn wa pè, ó sì kọ́kọ́ rò pé òun ṣi nọ́ńbà pè. Nítorí èyí ni mo ṣe pinnu fúnra mi pé ara mi ti yá tán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó oògùn náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, òjò dé, kò sì fẹ́ dá. Ọjọ́ kan kọjá tí a kò lọ sí pápá, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo wà lórí àga náà, mò ń wo ògiri, ohun tó wọ̀ mí lára nígbà yẹn sì ti padà wá bí ẹni tó kàn jáde lọ ra nǹkan.

Àlájì wọlé pẹ̀lú agboòrùn, omi ń kán lára rẹ̀. Ó kí mi. Ìyàwó mi sọ ohun kan fún un láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí n kò gbọ́. Ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó jókòó, òun náà kọjú sí ògiri. A jókòó báyìí pẹ́. Òjò ń lu páànù. Ó tẹjú mọ́ ògiri náà bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú.

"Tíṣà," ó ní, "kí lẹ ń rí níbẹ̀ gan-an? Mo ti ń wò ó láti ìgbà yìí, n kò rí nǹkan kan."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. N kò mọ ibi tó ti wá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi, nígbà tó sì ṣe, n kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Àlájì dúró kí n ṣe é tán, lẹ́yìn náà ó dìde, ó ti tábìlì pálọ̀ sí àárín gbùngbùn.

"Ẹ dìde. Pápá rèé."

A bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì náà ká. Èmi wà níwájú, Àlájì wà lẹ́yìn, jàlàbíà tútù rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi yọjú, téèpù ìwọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. N kò mọ ohun tó rò. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó tò sẹ́yìn Àlájì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí tábìlì yẹn ká títí òjò fi dá, a sì ṣe àwo gíláàsì kan léṣe.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú mi padà lọ rí dókítà, àwọn méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kúnlẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró sà?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ̀yin ni dókítà?"

"Rárá, mà," ni mo dáhùn, kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ó kọ oògùn náà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo Àlájì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá òun náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Àlájì ní òun kàn sin mí wá ni. Ìyàwó mi sì ní, "Irọ́ ni." Ó di dandan kí ó wọlé, kí ó jókòó.

Èyí ti lé lọ́dún kan. N kò ní sọ pé ó ti lọ pátápátá. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ara mi ṣì máa ń wúwo bí aṣọ tí wọn kò fún dáadáa. Ní àwọn àárọ̀ bẹ́ẹ̀, n kì í bá ara mi jiyàn. Mo máa ń wọ bàtà ná, kí n tó máa ro ìyókù.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo sùn gbàgbé lọ́jọ́ kan. Nígbà tí n ó fi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn ti là, Àlájì sì ti ń lọ ní ọ̀ọ́kán pẹ̀lú fìlà òtútù lórí. Kò dúró dè mí. Kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn. Orí mi gbóná.

"Àlájì!" mo pariwo. "Irú ìwà wo nìyẹn? Ṣé bí a ṣe bá ara wa sọ ọ́ nìyẹn?"

Ó gbé ọwọ́ sókè láìbojú wẹ̀yìn, ó ń lọ.

Ìyàwó mi gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. "Ẹ ń bínú," ó ní.

"Kí ló dé tí n kò ní bínú? Ìwọ náà ò rí ohun tó ṣe?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín kẹ́yìn tí ẹ bínú," ó ní, ó sì tẹrí padà sídìí aṣọ tó ń rán, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. N kò ní àyè láti bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mò ń sáré lé ọkùnrin náà lọ.